Ọ̀pá bẹ́líìtì inú Celica: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo

Ọkọ̀ tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni Toyota Celica tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2001, onílẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oní-lítà 1.8, tí mo rà nígbà tí ara rẹ̀ ti ń dípẹtà, tí mo sì ti ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀ láti ọdún méjì wá. Nígbà tí àyè bá gbà wá, àwa mélòó kan tí a fẹ́ràn ọkọ̀ eré máa ń gba àyè ní pápá onísìmẹ́ńtì kan, a ó to kóònù sílẹ̀, a ó sì máa wa ọkọ̀ gba àárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kan yóò máa di aago mú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti já kọ́nà tí ó le, ara mi a fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, èmi a sì rọ̀ mọ́ sítíárìn kí n má baà ṣubú lu ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ni ó yẹ kí n máa fi sítíárìn darí, kì í ṣe ara mi.

Bẹ́líìtì olókùn mẹ́fà ni ó kápá irú nǹkan bẹ́ẹ̀: okùn méjì fún èjìká, méjì fún ìbàdí, méjì tí ó gba àárín itan kọjá, tí gbogbo wọn sì pàdé ní ojú ìdè kan níwájú ikùn. Okùn ìbàdí kò ṣòro, nítorí ó ní ibi tí a lè so ó mọ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀. Okùn èjìká ni ó nílò ọ̀pá irin kan tí a dábùú sẹ́yìn ìjókòó, láti òpó ọ̀tún dé òpó òsì, èyí tí n óò máa pè ní ọ̀pá bẹ́líìtì nínú àkọsílẹ̀ yìí. Mo ti rí àwọn tí wọn kò ṣe ọ̀pá rárá, tí wọ́n kàn fa okùn èjìká lọ sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n sì fi bóòtù dè é. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá forí sọ nǹkan, okùn náà yóò tẹ èjìká wọlẹ̀, egungun ẹ̀yìn ni yóò sì ru gbogbo rẹ̀. Òfin FIA, àjọ tí ń ṣàkóso eré ìdíje ọkọ̀ lágbàáyé, sọ pé okùn èjìká kò gbọdọ̀ dà sísàlẹ̀ ju dìgírì 45 lọ láti orí ìjókòó lọ sẹ́yìn, wọ́n sì gbani níyànjú pé kí ó má ju 10 lọ. Mẹ́wàá yẹn ni mo lé.

Tọ́nà ni mí, ẹni tí ń gbẹ́ irin. Ẹ̀rọ léèdì ni mo fi ń jẹun, ògiri kan ṣoṣo ni ó sì wà láàrin ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Bàbá ajórin tí wọ́n bá mi jó irin iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti ń jórin kí wọ́n tó bí mi. Mo ní kí n sọ èyí ṣáájú, nítorí ọ̀rọ̀ wa kò wọ̀ ní ibi mélòó kan nísàlẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe pé wọn kò mọṣẹ́.

Ìwọ̀n ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ti ra bẹ́líìtì olókùn mẹ́fà kan ní àlòkù, inú mi sì dùn sí i títí mo fi yí àmì tí wọ́n rán mọ́ okùn rẹ̀ padà tí mo ka ọdún tí wọ́n kọ sí i: ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí àkókò rẹ̀ ti pé. Bẹ́líìtì tí ó ní àmì FIA máa ń ní ọdún tí a kò gbọdọ̀ lò ó kọjá, nítorí oòrùn àti òógùn máa ń jẹ okùn náà láìjẹ́ pé ojú rí i. Mo wá sọ ọ́ di okùn ìdiwọ̀n. Mo jókòó sínú ìjókòó tuntun tí mo ti fi sínú ọkọ̀ náà, èyí tí ó ní ihò méjì lókè fún okùn èjìká, ọmọ iṣẹ́ mi na okùn náà sẹ́yìn gba inú ihò, mo sì ní kí ó máa gbé e sókè, kí ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí ohun èlò ìwọn-igun tí a gbé lé okùn fi fi dìgírì 6 hàn. A fi ẹfun sàmì sí ara òpó méjèèjì. Ibi àmì náà fi mìlímítà 90 rẹlẹ̀ ju ihò bóòtù bẹ́líìtì tí ó bá ọkọ̀ wá lọ, èyí sì túmọ̀ sí pé irin pẹlẹbẹ tí yóò wà ní igun méjèèjì ọ̀pá gbọ́dọ̀ gùn wá sísàlẹ̀ kí ó tó di páìpù mú. Láti òpó dé òpó jẹ́ mìlímítà 1,160.

Páìpù ni ó gba àkókò jù. Òṣogbo jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ìyírin sí, pẹ̀lú Jos àti Katsina, ṣùgbọ́n irin ọ̀pá àti wáyà ni wọ́n kọ́ wọn fún, kì í ṣe páìpù, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta irin àlòkù ni mo lọ. FIA ní kí ọ̀pá tí a ó so okùn èjìká mọ́ má kéré ju mìlímítà 38 ní fífẹ̀ pẹ̀lú ara tí ó nípọn 2.5, tàbí 40 pẹ̀lú 2, kí ó sì jẹ́ páìpù tí a fà láìní ojú ìjó lára. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá búra pé tòun nípọn 2.5. Mo gé mítà méjì, mo gbé e lé orí òṣùwọ̀n, kò sì pé kílò 3.3. Páìpù mìlímítà 38 tí ó nípọn 2.5 ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ wọn bíi kílò 4.4 ní mítà méjì. Ẹ má fi fáníà nìkan wọn ẹnu páìpù, nítorí ayùn máa ń gbé etí rẹ̀ sókè tí yóò fi dà bíi pé ó nípọn. Òṣùwọ̀n kì í gba irọ́. Ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: bí ẹ bá rí ilà kan tí ó yọ bí àpá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ká a ni, wọ́n sì jó o pọ̀. Èyí tí mo rà níkẹyìn jẹ́ páìpù tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ háídírọ́líìkì kan, inú rẹ̀ mọ́ bí inú ìbọn, mo sì wọ̀n ọ́n ní kílò 4.4 géérégé.

Bàbá ní kí n lo páìpù omi tí wọ́n ní nílẹ̀, kí n má fi owó ṣòfò. Yàtọ̀ sí pé ó ní ojú ìjó, síńkì wà lára rẹ̀, èéfín síńkì sì máa ń dá ibà síni lára lálẹ́ ọjọ́ tí a bá jó o. Mílíìkì inú agolo ni àwọn ajórin wa máa ń mu sí i. Mílíìkì dùn, ṣùgbọ́n ìta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni ó ń gbani.

Ọ̀rọ̀ bóòtù wá kàn, ibẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Mo rán an ní bóòtù bẹ́líìtì tí ó gùn, nítorí irin pẹlẹbẹ mìlímítà 5 tí mo fẹ́ fi sáàrin yóò jẹ tíréèdì (ilà tí ó yí ara bóòtù ká) mìlímítà 5 kúrò nínú èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bóòtù mìlímítà 12 ni ó mú bọ̀, ó ti ń fi sípánà rọ́ ọ wọ inú òpó kí n tó dé, ó ti wọlé tó yípo kan. Bóòtù bẹ́líìtì kì í ṣe ti mìlímítà. Ìdá méje nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì ni, ìyẹn bíi mìlímítà 11.1, ó sì ní tíréèdì 20 nínú ínǹṣì kan. Bákan náà ni ó rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ti Japan tàbí ti Amẹ́ríkà. Mìlímítà 12 yóò ya tíréèdì inú òpó, mìlímítà 10 kò sì ní rí tíréèdì gbá mú dáadáa nínú rẹ̀. Orí ni ó yọ wá: mo fi tápù, irin tí a fi ń gé tíréèdì sínú ihò, tọ́ ojú ihò náà, tíréèdì àkọ́kọ́ nìkan ni ó fara pa.

Gẹ́gẹ́ bí tọ́nà, ọwọ́ ń yún mi láti gbẹ́ bóòtù náà fúnra mi lórí ẹ̀rọ. N kò ṣe é. Ilé iṣẹ́ máa ń fi agbára tẹ tíréèdì sára irin líle, wọ́n sì ń sun ún kí ó lè le sí i. Èmi yóò gé tíréèdì sára irin tí n kò mọ orírun rẹ̀. Inú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tú fún páàtì ni mo ti rí bóòtù bẹ́líìtì mẹ́rin tí ó gùn tó, orí wọn ṣì ní àmì líle wọn. Ohun tí mo gbẹ́ ni búṣì kékeré méjì, irin oníhò tí bóòtù ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Òrùka irin tí bẹ́líìtì tí ó bá ọkọ̀ wá ń gbà kọjá ní òkè òpó gbọ́dọ̀ lè máa yí, bí a bá sì ká irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn pọ̀ láìsí búṣì, yóò há. Mo fi ìdá mẹ́rin mìlímítà kan jẹ́ kí búṣì ga ju òrùka náà lọ, òrùka sì ń yí fàlàlà lẹ́yìn tí bóòtù ti di.

Mo tẹnu mọ́ bẹ́líìtì tí ó bá ọkọ̀ wá yìí nítorí òun náà ni n óò máa lò lójú títì. Láti ìgbà tí Nils Bohlin ti Volvo ti gbé bẹ́líìtì olójú mẹ́ta jáde ní ọdún 1959 ni ó ti ń gba ẹ̀mí là, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn lè tẹ̀ síwájú wo ọ̀tún àti òsì ní oríta, ohun tí bẹ́líìtì olókùn mẹ́fà kì í gbà fúnni.

Bàbá jó irin pẹlẹbẹ mọ́ igun páìpù méjèèjì ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ojú ihò mu, ó dì, mo sì rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo agbára mi láìjẹ́ pé ó mì. Mo ti rò pé iṣẹ́ ti parí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó ti ìwé àti bírò. Bí ọkọ̀ tí ń sá ní kìlómítà 48 ní wákàtí kan bá forí sọ nǹkan, tí ara ẹni tí ó wọn kílò 75 sì dúró láàrin ìdajì mítà, agbára tí yóò dá a dúró tó ìwúwo kílò 1,360, èyí tí í ṣe àpò sìmẹ́ńtì 27. Mo gbà pé èjìká yóò gbà bí ìdajì rẹ̀ lọ sórí ọ̀pá, ìyẹn àpò 13 ó lé díẹ̀, ẹ̀yìn awakọ̀ nìkan ni yóò sì bọ́ sí, kò ní pín kárí. Ìṣirò mi fi hàn pé páìpù náà, bí ó bá jẹ́ igun rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ó dì í mú, yóò tẹ̀ láìpadà mọ́ kí ó tó ru àpò 7.

Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún wọn. "Irin báyìí? Ìwọ tọ́nà, ìwé ti ń bà ọ́ lẹ́rù." Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé sìmẹ́ńtì kọ́ ọn wò." A di igun méjèèjì ọ̀pá mọ́ irin áńgù méjì tí a nà sórí ìdúró, a yí i kí ìhà iwájú rẹ̀ lè kọjú sí ilẹ̀, a sì fi okùn bẹ́líìtì àlòkù yẹn so àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin rọ̀ ní ibi tí ẹ̀yìn awakọ̀ yóò wà. Mo gbé géèjì aláago tí mo ń lò nídìí léèdì sábẹ́ rẹ̀. Ní àpò kìíní, ọwọ́ géèjì rìn díẹ̀. Ní àpò kẹrin, ó ti fi mìlímítà 4 hàn. Bàbá dọ̀bálẹ̀ wo géèjì náà, wọ́n ní kí a gbé àpò kan kúrò, kí a tún gbé e padà, wọ́n sì tún wò ó. Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó padà sí òdo, ṣùgbọ́n àpò mẹ́rin ni, kì í ṣe mẹ́tàlá.

Ohun tí a ṣe sí i ni ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ páìpù kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pá lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ sẹ́yìn àti sísàlẹ̀ dé ihò bóòtù bẹ́líìtì àwọn èrò ẹ̀yìn, níbi tí ilé iṣẹ́ ti fi irin kún ilẹ̀ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí okùn bá fa ọ̀pá síwájú, ẹsẹ̀ yóò fà á sẹ́yìn ní ibi tí ó ti ń dùn ún gan-an. Ìjókòó ẹ̀yìn kò wúlò mọ́ nìyẹn. Ìyàwó mi bi mí léèrè ibi tí àwọn ọmọ yóò jókòó sí. Mo ní ọkọ̀ yẹn kò tún ní gbé wọn mọ́, nítorí ọmọ tí ó bá jókòó sẹ́yìn ọ̀pá irin yóò fi orí sọ ọ́ bí mo bá tẹ búrèkì.

Ẹnu ẹsẹ̀ tí yóò kan ọ̀pá ni mo gbẹ́ bí ẹnu ẹja kí ó lè gbá ara ọ̀pá mú láìsí àlàfo. Bàbá jó ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, wọ́n jó o dáadáa, ojú ìjó rẹ̀ tò bí ìpẹ́ ẹja. Ṣùgbọ́n a ti tú ọ̀pá kúrò lára áńgù kí a tó jó o, ẹ̀bi tèmi sì ni. Ojú ìjó máa ń sún kì bí ó bá ń tutù, ìhà ẹ̀yìn nìkan ni a sì jó, nítorí náà ọ̀pá tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a gbé e wọ inú ọkọ̀, ihò òsì bá ihò mu, ti ọ̀tún fi mìlímítà 4 yẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi òòlù pè é," ni Bàbá wí.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Bóòtù tí a bá fi ipá mú wọlé ti ru ẹrù kí iṣẹ́ tó dé bá a. A gé irin pẹlẹbẹ ọ̀tún kúrò, a dá ọ̀pá padà sára áńgù, a fi bóòtù dè é pinpin níbẹ̀, wọ́n sì tún un jó ní kúkúrú kúkúrú, ìhà kan tẹ̀ lé èkejì, a kò sì tú u títí ọwọ́ fi lè fara kàn án. Ìyẹn gba ọ̀sán odindi, nítorí iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, jẹnẹrétọ̀ Bàbá kò sì lè gbé ẹ̀rọ ìjórin náà dé ibi tí a fẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ihò bá ihò mu. A tún gbé àpò mẹ́rin kọ́ ọn, géèjì kò fi ìdajì mìlímítà kan hàn.

Kí a tó kùn ún, mo ta kẹrosíìnì sí gbogbo ojú ìjó, mo jẹ́ kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo nù ún gbẹ, mo sì fi ẹfun kùn ún. Níbi tí irin bá là, kẹrosíìnì tí ó ti wọ inú rẹ̀ yóò padà yọ, yóò sì fa ilà dúdú sára ẹfun. Ibì kan ṣoṣo ni ó yọ, nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ òsì, kò gùn ju ìrẹsì kan lọ. A fi ẹ̀rọ ìlọrin gbẹ́ ibẹ̀ jìn, a sì tún un jó. Bàbá fẹ́ fi pọ́tì dán ojú ìjó kí ó lè lẹ́wà. Èyí ni mo kọ̀ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: ojú ìjó tí ó wà lábẹ́ pọ́tì, ta ni yóò mọ ọjọ́ tí ó là? Ọ̀dà pupa àkọ́kùn àti ọ̀dà dúdú nìkan ni a kùn ún, kò sì nípọn.

Dídì í mọ́ inú ọkọ̀ kò gba wákàtí méjì. Ìwé àtúnṣe Toyota ní kí a fi agbára ìyí N·m (niutọni-mítà) 42 di bóòtù bẹ́líìtì, sípánà aláwòwọ̀n tí ń fi agbára ìyí hàn ni mo sì fi dé ibẹ̀, mo wá fi ọ̀dà funfun fa ilà kọjá orí bóòtù sára irin kí n lè rí i bí ó bá yí. Okùn àárín itan ti bẹ́líìtì olókùn mẹ́fà tuntun gba inú ihò ìjókòó lọ sí ilẹ̀ ọkọ̀, mo sì fi irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn mìlímítà 3, tí ó jẹ́ 80 sí 60, gbá abẹ́ rẹ̀ kí bóòtù má baà já gba inú páànù jáde. Láìsí okùn yẹn, okùn èjìká yóò fa ìdè sókè kúrò ní ìbàdí wá sórí ikùn, èèyàn yóò sì yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Lórí ọ̀pá, mo jó wáṣà ńlá mẹ́rin mọ́ ọn, méjì lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí okùn má baà rìn sí ẹ̀gbẹ́.

Gbogbo ẹni tí ó yà wá kí wa ni ó ń fọwọ́ gbá a, tí ó ń sọ pé òrùlé ọkọ̀ yìí kò lè rún mọ́. Irọ́ ni. Ọ̀pá yìí kò ga dé òrùlé, kò sì gbé e dúró. Àní, bí ọkọ̀ bá dojú dé, bẹ́líìtì olókùn mẹ́fà yóò di èèyàn mú ṣánṣán sí abẹ́ òrùlé tí ó ń bọ̀ wálẹ̀, tí kò ní lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí èyí ni mo ṣe ń lò ó ní pápá pẹrẹsẹ nìkan, níbi tí kò sí kòtò tàbí òkè tí ó lè dojú ọkọ̀ dé, títí n óò fi rí owó ṣe àgò irin tí ó pé.

Mo wà á lọ sí ọ̀nà Ìkìrun ní ọjọ́ Sátidé, bẹ́líìtì tí ó bá ọkọ̀ wá ni mo dè. Ní gbogbo kòtò tí mo bọ́ sí ni mo ń gbọ́ kó, kó, kó lẹ́yìn mi. Mo dúró, mo yẹ ilà funfun orí àwọn bóòtù wò, ọ̀kan kò yí. Ìdè irin bẹ́líìtì tuntun ni ó ń lu ara ọ̀pá. Mo fi àkísà tí mo fi ń nu ọwọ́ wé e, ó sì dákẹ́.